Ọ̀kan Ṣoṣo ni Bàbá Àjíṣafẹ́ Fẹ́ Rà

Ní gbogbo àdúgbò Ìlódè nílùú Ifẹ̀, bí ènìyàn bá ti dárúkọ olóògbé Àjíṣafẹ́ Oníbọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ mánéjà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Kódà níbi ìsìnkú rẹ̀, àlùfáà tó fẹ́ wàásù ní láti dúró kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín wọn tán. Mojíre, ìyàwó rẹ̀, jókòó síwájú nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó fi etí gèlè bo ẹnu. Àwọn ènìyàn rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹkún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pọ̀ jù.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọláfimíhàn ni mánéjà Àwòyó, ilé-iṣẹ́ tó ń ta tẹlifíṣọ̀n orí díìṣì ní Lágéré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó wá yẹ iṣẹ́ wò. Wọ́n ti dé Ẹdúnàbọ̀n nígbà tí bọ́tìnnì àárín kóòtù rẹ̀ já bọ́, tí ikùn sì yọjú síta. Ibi kan ṣoṣo ló wà tí ẹni tí bọ́tìnnì já lára rẹ̀ ń sá lọ ní Ifẹ̀ nígbà náà: ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àjíṣafẹ́. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi ta bọ́tìnnì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó o bá fẹ́ ẹyọ kan, ẹyọ kan ni yóò tà fún ọ. Bó o bá fẹ́ òwú tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ, yóò wọ̀n ọ́n, yóò gé e, yóò sì kí ọ pé o kú ìnáwó.

Ọláfimíhàn gun ọ̀kadà, ó sáré wọlé. "Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnnì dúdú ẹyọ kan, kíákíá."

Bàbá gbé awò ojú rẹ̀ sókè. Ó wo kóòtù, ó wo ikùn, ó wá wo ojú. "Káàárọ̀, ọmọ mi. A kì í ta ẹyọ kan níbí."

"Háà! Bàbá, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Pákéèjì la ní. Kékeré wà, ńlá wà. Dúdú tó o sì ń wá yẹn, inú ńlá ló wà."

"Kí ló tún wà nínú ńlá, sà?"

"Bọ́tìnnì márùndínláàádọ́rùn-ún, oríṣiríṣi àwọ̀. Síìpù búláòsì. Ìlásíkì ṣòkòtò ọmọdé. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán mátíráàsì. Àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun, aláwọ̀ pínńkì."

"Bàbá, èmi ò bímọ tuntun!"

"Ta ló ní kó o wọ̀ ọ́? Jù ú sílé, má tiẹ̀ wò ó. O ṣáà máa sanwó rẹ̀ ni."

Fóònù mánéjà dún. Àwọn ọ̀gá ti dé Ìpetumodù. Ó bẹ̀bẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ikùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn, bàbá ò mira. Nígbà tó yá, ó sanwó. Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú abẹ́rẹ́, tó fi fọ́nrán òwú kan ṣoṣo gán bọ́tìnnì náà mọ́ kóòtù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán an kó le."

"Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo rán an sí. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, wá san òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò já."

Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ọláfimíhàn sáré padà, ó bá àwọn ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbàgbé pé ìbọ̀sẹ̀ pínńkì ti yọ orí jáde lápò kóòtù. Ọ̀gá àgbà rí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú ewu ọmọ. Ọláfimíhàn ní ẹ ṣeun, sà. Bọ́tìnnì náà kò tiẹ̀ dúró dé ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́ kẹtàlélógún ló já.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á ní ìkà ni bàbá yìí. Kì í ṣe ìkà rárá. Ìjà ló ń jà, ìjà náà sì ti pé ọdún kejì lọ́jọ́ tí mánéjà kó sí i lọ́wọ́. Torí Mojíre ló sì ṣe bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà ọmọge ni Mojíre ti fẹ́ràn ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, ti àwọn géńdé tí kì í wọ ẹ̀wù, tí wọ́n máa ń gbé ara wọn sókè tí wọ́n á sì la ara wọn mọ́lẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ìjàkadì bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. "Fún un lọ́rùn! Má jẹ̀ẹ́ kó dìde! Àfi bí o kì í bá ṣe ọmọ bàbá rẹ!" Ilé àbúrò rẹ̀ ní Ilare ló ti ń lọ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn lásìkò òjò, tí orúnkún rẹ̀ wú, tí dókítà sì ní kó jókòó sílé.

Fúnlọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń gbé ní Ìbàdàn, ra díìṣì àti dìkódà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Owó oṣù kan ti wà lórí rẹ̀. Oṣù yẹn, Mojíre gbàgbé pé òun ní orúnkún. Àfi lọ́sàn-án Sátidé kan, aago mẹ́rin lù, àwọn géńdé ń wọlé bọ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n kàn ṣókùnkùn.

"Bàbá Fúnlọ́lá," ni Mojíre wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sanwó ìjàkadì mi."

"Ṣé ìyẹn náà ni? Bó bá di Mọ́ńdè, màá ti lọ, màá ti bọ̀."

Ọdún mẹ́ta ló fi lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fisáyọ̀mi ló bá nídìí tábìlì ní Àwòyó. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Bàbá ní ìjàkadì lòun wá rà.

"Bàbá, inú pákéèjì ńlá ló wà, sà. Ṣánẹ́ẹ̀lì márùndínláàádọ́rùn-ún ni."

"Ọ̀kan ni mo fẹ́."

"A kì í tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sà."

"Ọmọ mi, bí mo bá wá ra iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ, ṣé ó máa ní àfi kí n ra kẹrosíìnì àti ìgbálẹ̀ mọ́ ọn?"

Fisáyọ̀mi rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tu bàbá nínú ni, ó wá ṣe àṣìṣe tí Àwòyó kò gbàgbé dòní. Ó ní, "Bàbá, ẹ kàn ka àwọn tó kù sí ènì ni, sà."

Páà! Ènì kẹ̀? Ẹni tó ti ń tajà láti ìgbà tí bàbá Fisáyọ̀mi kò tíì gbéyàwó! Bàbá Àjíṣafẹ́ dìde lórí àga, ó sì fi èdè Ifẹ̀ gidi bọ́ sí i, kó tó rántí pé ọmọ ọ̀nà jíjìn tí kò gbọ́ ọ ni Fisáyọ̀mi.

"Ènì kì í ju ọjà lọ! Ta ló ra kóńgò gààrí kan tí wọ́n fi mẹ́rinlélọ́gọ́rin ṣe ènì fún? Ènì, ọ̀fẹ́ ni, ìfẹ́ inú ọlọ́jà ni. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ènì, ó lè kọ̀ ọ́. Bó bá sì kọ̀ ọ́, ṣé wọ́n á ní kó sanwó ènì tó kọ̀ ni? Ó dáa. Mo kọ ènì yín. Ẹ gbé e mọ́lẹ̀, kí ẹ ta ọjà fún mi."

Àwọn tó wà lórí ìlà pàtẹ́wọ́. Ohun tó ba bàbá jẹ́ nìyẹn, torí ẹni tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún lẹ́ẹ̀kan, ó di dandan kó padà wá.

Ló bá di gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó gba ìwé pélébé tí wọ́n tẹ orúkọ àwọn ìkànnì náà sí, ó ra báírò pupa, ó ń kọ ènì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Fisáyọ̀mi, mo wá kọ ti àwọn tó ń se oúnjẹ. Ìyàwó mi mọ oúnjẹ sè." Ọ̀sẹ̀ kejì: "Mo kọ ti àwọn ọmọdé. Ọmọ mi ti lọ́kọ." Ọ̀sẹ̀ kẹta: "Mo kọ ti àwọn tó ń tún ilé onílé ṣe. Ilé mi ò wó." Púpọ̀ nínú wọn ló ń gba Mọ́ńdè méjì tàbí mẹ́ta kó tó kọ̀ ọ́ tán. Fisáyọ̀mi á ní ó dáa, sà, á sì fún un ní omi tútù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró di ọjọ́ Mọ́ńdè kí wọ́n tó wá sanwó tiwọn, kí wọ́n lè gbọ́ èyí tí bàbá máa kọ̀.

Nígbà tó yá, Ọláfimíhàn pè é wọ inú ọ́fíìsì. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́, sà. Gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí."

"Èmi ò gbé ní gbogbo ayé. Ìlódè ni mò ń gbé."

"Bàbá, bí a bá ń tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ìkànnì tí kò lérò á kú. Àwọn tó lérò ló ń gbé wọn ró."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, bàbá sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó wá ní, "Mo ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò rà á. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé mo so ó mọ́ dúdú lọ́rùn fún ẹnikẹ́ni rí? Ó wà nínú agolo rẹ̀, mò ń nù ún, ó ń dúró de ẹni tó ń wá a. Lọ́jọ́ tó bá dé, inú olúwarẹ̀ á dùn, inú èmi náà á dùn. Ẹ̀yin ò ní sùúrù ni."

Ọláfimíhàn rẹ́rìn-ín, ó sin bàbá dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò tà á ní ọ̀kan.

Gbogbo Ifẹ̀ ń gbádùn ìjà yìí, àfi ẹni tí wọ́n ń jà á nítorí rẹ̀. Bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, Mojíre á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó kú, á máa fi òróró pa orúnkún. Ìrora yẹn kì í jẹ́ kó gbádùn.

"Bàbá Fúnlọ́lá, ẹ san án, kí n wò ó. Ó sú mi."

"Bí mo bá san án, wọ́n á ní àwọn borí."

"Kí wọ́n borí! Ṣé ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa fi nalẹ̀ ni?"

"Mojíre, ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ kò yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún un. Ní sùúrù."

Ó ní sùúrù títí tó fi sú u. Ó pe Fúnlọ́lá lórí fóònù, ó sunkún sí i létí. Lọ́jọ́ kejì, láti Ìbàdàn níbẹ̀, Fúnlọ́lá sanwó pákéèjì ńlá, kò sì sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ti ìta wọlé, ó bá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó bínú fún odidi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ní kì í ṣe òun ló san án, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ti di sísan, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ ṣòfò nínú rẹ̀.

Ló bá mú páálí, ó kọ àkókò sí i, ó pín ìkànnì fún gbogbo àdúgbò. Fàrídà, aránṣọ tó wà ní iwájú ilé, gba ti àwọn tó ń ṣe oge. Àwọn ọmọ ilé kejì gba ti ọmọdé, àwọn géńdé gba bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba èyí tí wọ́n ti ń sọ èdè Ṣáínà, ni bàbá bá gbé e fún Tísà Èṣùbíyì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Tísà fi ọ̀wọ̀ gbà á. Ojoojúmọ́ ló ń wọ kóòtù wá jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko, á sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó jókòó. "Ìyá ọkọ yẹn ni kò fẹ́ kí ọmọbìnrin yìí sinmi. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Pálọ̀ kún. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Inú bàbá dùn débi pé ó gbàgbé láti wo páálí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, tó jẹ́ àkókò ìjàkadì, àwọn apẹja ló kọ síbẹ̀. Ìjàkadì, ó fi í sí àárọ̀ Túsìdeè, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jà.

Sátidé dé, aago mẹ́rin lù. Ọkùnrin mẹ́jọ àti Fàrídà jókòó sí pálọ̀ Mojíre, wọ́n ń wo òyìnbó kan tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, tí kò tíì rí ẹja kankan pa. Mojíre fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó rìn dé àárín pálọ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì fi orúkọ tí ìyá ọkọ náà sọ ọ́ pè é, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún méjìdínlógójì tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

"Àjíṣafẹ́!"

Gbogbo ilé yíjú sí i. Àfi òyìnbó apẹja.

"Ìwọ àti Àwòyó, kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n di ohun tí mi ò fẹ́ mọ́ èyí tí mo fẹ́. Ìwọ, o di gbogbo Ìlódè mọ́ ọn! Ọdún méjì àbọ̀ lo ti ń jà fún mi, o ò tíì jókòó tì mí wò ó rí. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó wọ̀nyí, mo fẹ́ràn yín o, ṣùgbọ́n ẹ dìde. Ẹ gbé apẹja yín dání. Ó tó!"

Kò sẹ́ni tó dúró wá bàtà tirẹ̀. Tísà Èṣùbíyì wọ ẹsẹ̀ òsì bàtà Fàrídà délé.

Bàbá lọ yọ páálí kúrò lára ògiri, ó tẹ ìjàkadì, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun kàn jókòó ni o, irọ́ ni gbogbo rẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, géńdé kan tó sanra fi àga gbá èyí tó tín-ín-rín lẹ́yìn. Bàbá fò dìde. "Òjóró! Rẹfirí, ṣé o fọ́jú ni? Ẹ wá wò ó o, Mojíre, ẹ̀yìn ló ti gbá a!" Mojíre ní kó jókòó kó má bàa ṣe ara rẹ̀ léṣe. Sátidé mẹ́ta tó kù nínú oṣù yẹn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí, ohùn bàbá ló sì ròkè jù.

Ó rí i báyìí pé ohun tí òun ń jà fún dára. Ìyẹn ló wá sọ ọ́ di aláìgbọ́ràn pátápátá. Nígbà tí oṣù pé, tí Fúnlọ́lá fẹ́ san òmíràn, Mojíre alára ní kó má san án. Ó ní, "Jẹ́ kí bàbá rẹ jà á tán. Èmi náà ti fẹ́ mọ ibi tó máa já sí." Bàbá mú báírò pupa rẹ̀, ó padà sí Lágéré.

Kò jà á tán. Ìkànnì mọ́kànlá ló kù tí kò tíì kọ̀ nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó lọ. Fisáyọ̀mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá sí ìsìnkú náà, ó sunkún ju àwọn ẹbí kan lọ. Ó ní ọ́fíìsì dákẹ́ jù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun ò mọ ẹni tóun máa bu omi tútù fún.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ọ̀sán Sátidé kan, Ọláfimíhàn wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Mojíre. Fàrídà wà níbẹ̀, ó ń bá a to aṣọ olóògbé. Mánéjà náà ní òun ti kọ ìwé sí Èkó, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i: Màmá á máa wo pákéèjì ńlá lọ́fẹ̀ẹ́ fún odidi ọdún kan, wọ́n fi ṣe ìrántí Bàbá. Ó ní bí òun bá ti tẹ fóònù báyìí, yóò ṣí.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́, ó wu Mojíre. Orúnkún ń ro ó, ilé dákẹ́, aago mẹ́rin sì kù díẹ̀.

"Ṣé ìjàkadì nìkan ni?" ló bèèrè.

"Ó tì o, mà. Gbogbo rẹ̀ ni. Márùndínláàádọ́rùn-ún."

"Ẹ yọ mẹ́rinlélọ́gọ́rin kúrò."

"Mà? Ọ̀fẹ́ ni, mà. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣeun, ọmọ dáadáa ni yín, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò tọrọ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ yín rí. Ọjà ló wá rà. Ẹ padà sọ fún Èkó pé ọ̀kan la fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe tán láti tà á, èmi fúnra mi á wá san án, màá fi ọ̀pá mi rìn wá."

Ọláfimíhàn bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó rí i pé kò ní gbà, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, èyí sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó ṣe ń jáde, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú.

Fàrídà ò lè mú un mọ́ra. "Ìyá, kí lẹ ṣe yìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá bàbá jà nítorí ìjàkadì yìí kan náà!"

"Mo bá a jà, àbí?" Mojíre bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ni ẹ̀rín náà bá yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, tó wá di omi lójú. Fàrídà ju aṣọ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó dì í mú.

"Fàrídà, ìjà yẹn ló kù fún mi tó jẹ́ tirẹ̀," ni Mojíre wí. "Ọkùnrin yẹn yọ mí lẹ́nu. Ó yọ mí lẹ́nu gan-an. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, mi ò sì rí i sọ fún un tó."